Ibi Tí A Kọ́kọ́ Sin Kúdírátù Sí

Bàsírátù, Àṣàbí mi,

Mo kí ọ, mo sì kí Lúkúmánù ọkọ rẹ. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ilé yín tù yín lára. A gbọ́ pé ọkọ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní Èkìtì, a sì gbọ́ pé ìwọ náà ti rí ilé-ìwé tí wàá ti máa kọ́ àwọn ọmọ. Inú wa dùn. Bàbá rẹ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ṣe àdúà fún yín.

Fọ́tò ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ rà, èyí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ èyí. Ó yẹ kí n pè ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lẹ́nu, ẹkún ni màá máa sun, ìwọ á sì máa bẹ̀ mí pé kó tó, a ò sì ní sọ ohun tó yẹ ká sọ. Nínú ìwé, mo lè dúró díẹ̀, kí n nu ojú, kí n tún máa bá a lọ.

Nínú fọ́tò yẹn, ìwọ lo wà níwájú, o fọwọ́ lé ìbàdí, ò ń rẹ́rìn-ín. Òkè ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ, ó tutù yọ̀yọ̀, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n mo rí ibì kan lápá ọ̀tún òkè náà tó pupa, láti nǹkan bí àárín rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Kò sí koríko níbẹ̀, kò sí igi. Mo gbé fóònù náà fún bàbá rẹ. Ó wò ó pẹ́ títí, ó dá a padà fún mi, ó dìde, ó lọ jókòó síta. Nígbà tí mo lọ bá a, ó ní, "Kọ̀wé sí ọmọ yẹn. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má fi ohunkóhun pamọ́. Èmi ò lè sọ ọ́."

O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Kúdírátù, o sì mọ̀ pé ilẹ̀ ló ya lù ú. Ohun tí a sọ fún ọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé nígbàkígbà tí o bá béèrè, ọ̀kan nínú èmi àti bàbá rẹ á dìde kúrò níbẹ̀. O mọ sàárè rẹ̀ níbi tí wọ́n ń sin àwọn Mùsùlùmí sí ní Ọ̀tà níbí, tí a máa ń lọ ṣe àdúà fún un lẹ́yìn ìrun Yídì. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ibẹ̀ la kọ́kọ́ sin ín sí.

Kó tó di pé a wá sílé tí a wà yìí, ọ̀nà Ìgbẹsà là ń gbé. Ẹni tí kò mọ agbègbè wa dáadáa á rò pé ilẹ̀ Ọ̀tà tẹ́ pẹrẹsẹ, pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju títì àti ilé-iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá yà kúrò ní títì, tó gun ọ̀kadà wọ inú ìgbẹ́, á rí ibi tí ilẹ̀ ti ga sókè, tó sì tún ń dà lọ sí etí odò. Ẹsẹ̀ irú òkè bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ kọ́lé wa sí. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páànù, èmi sì ń ta ike ní ọjà Ṣàngó, abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ilé wà, ó sì gun òkè náà lọ díẹ̀. Mo gbin ẹ̀gẹ́ sí ara rẹ̀. Igi káṣù wà lókè ẹ̀gẹ́ náà, ìgbẹ́ sì wà lókè igi káṣù.

Kì í ṣe òkè àpáta bíi ti Abẹ́òkúta. Òkè yẹ̀pẹ̀ ni, koríko sì bò ó láti òkè délẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, omi tó máa ń ti orí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í pupa. Ó máa ń mọ́ débi pé mo máa ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, kí n fi fọṣọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé koríko ló ń gba òjò sára kó tó kan ilẹ̀, pé gbòǹgbò igi ló sì di yẹ̀pẹ̀ mú. Mo kàn rò pé bí òkè ṣe máa ń rí nìyẹn ni.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń wa yẹ̀pẹ̀ dé. Àkókò tí àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun ń pọ̀ sí i ni, gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ la ọ̀nà ló ń wá yẹ̀pẹ̀ pupa tó máa fi kún ilẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa tà á fún wọn. Katapílà wọn bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè, ó ń gé e wọlé bí ẹni ń gé búrẹ́dì, típà sì ń kó o lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n hú gbogbo igi tó wà lápá ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, òkè náà kò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ lápá ibẹ̀. Ó dúró ṣánṣán bí ògiri, yẹ̀pẹ̀ pupa níhòòhò.

Bàbá rẹ àti àwọn onílé yòókù lọ bá wọn. Ọ̀gá wọn gbà wọ́n dáadáa, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun kò ní kọjá ààlà ilẹ̀ tí òun rà. Lóòótọ́, kò kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè kan náà ni. Nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lápá ibì kan, kò rí ohun tó máa fẹ̀yìn tì mọ́, apá ọ̀dọ̀ tiwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa gbà sọ̀kalẹ̀.

Àwọn àmì kan wà. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ fún ọ kí o lè dá wọn mọ̀, torí pé àwa kò dá wọn mọ̀. Ilẹ̀ là láàárín ẹ̀gẹ́ mi, ó là gbọọrọ níbùú òkè náà. A rò pé ọ̀gbẹlẹ̀ ló là á. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò ṣeé tì mọ́, a pe káfíńtà, ó fá etí rẹ̀, ó sì tún há lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ògiri yàrá yẹn là lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀kan nínú àwọn igi káṣù tẹ̀ síwájú, ó wá dà bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun ní ibi tí omi kì í ti í sun tẹ́lẹ̀, omi náà kò sì mọ́. Ìdí kan wà tí a rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ẹni tó kó wọn pọ̀ láàárín wa kó ní ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o lè mọ̀ ọ́n. Kúdírátù dúdú, ó ga jù ọ́ lọ, ó sì máa ń yára sọ̀rọ̀ débi pé bàbá rẹ á ní kó tún un sọ. Ó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó bí ọ, nítorí náà ó kà ọ́ sí ọmọ tirẹ̀. Òun ló máa ń wẹ̀ ọ́. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Àṣàbí. Ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ìyá kan ní Ṣàngó, ó sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀, ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ló kù. A ra máṣíìnì ìránṣọ fún un, a gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù náà ló ń rán. Àwọ̀ omi aró ni, ó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan sí ọrùn rẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Ó ní òun rí i lára aṣọ obìnrin kan ní Ìbùdókọ̀ Tólìgéètì, òun sì tẹ̀ lé obìnrin náà lẹ́yìn títí òun fi rí bí wọ́n ṣe rán an.

Òjò rọ̀ gan-an lọ́dún yẹn. Ó rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìdá. Lẹ́yìn náà ó dá, oòrùn yọ, gbogbo èèyàn sá aṣọ síta. Ọjọ́ tí oòrùn yọ yẹn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ ni òkè máa ń ya. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti wọ inú òkè yẹn lọ, gbogbo ara rẹ̀ ti wúwo, ó sì ti rọ̀. Bàbá rẹ lọ sí ibi iṣẹ́. Mo pọ̀n ọ́, mo lọ sí Ṣàngó. Kúdírátù ní òun á dúró sílé kí òun parí ọrùn aṣọ náà.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí a ń pè ní Ìyá Ìjẹ̀bú, tó ń ta ìpápánu àti ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó dojú kọ ilé wa. Òun ló rí i. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé kò sí ariwo níbẹ̀rẹ̀. Ó ní igi káṣù ni òun kọ́kọ́ rí tí ó ń rìn bọ̀ nísàlẹ̀, ní ìnàró, pẹ̀lú ewé rẹ̀ lórí, bí èèyàn ṣe máa ń rìn. Ó ní òun rò pé ojú òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ hó, ìdajì òkè náà sì wó wá sílẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé wa wọlé, ó dúró sí àárín pálọ̀.

Nígbà tí wọ́n fi wá pè mí ní ọjà tí mo sì débẹ̀, èrò ti pé. Wọ́n ń fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì àti ọwọ́ lásán wa yẹ̀pẹ̀. Àwọn awakọ̀ típà àti àwọn tó ń wa katapílà wà níbẹ̀, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ń wa yẹ̀pẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń sunkún bó ti ń wà á. Wọn ò lè gbé katapílà náà wá, torí pé ilẹ̀ tó ya ti dí ọ̀nà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí èyí tó kù lókè má tún wá sílẹ̀. Bàbá rẹ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó wọ inú wọn.

Wọ́n rí i nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun Mọ̀ǹgàríbì. Ó ṣì jókòó nídìí máṣíìnì. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò lè kọ gbogbo bó ṣe rí lára mi. Mo kàn mọ̀ pé ìwọ ń sunkún lẹ́yìn mi torí pé ebi ń pa ọ́, àwọn obìnrin kan sì gbà ọ́ lẹ́yìn mi, èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbà ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yẹ ká gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú ní Ọ̀tà. Kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Ẹrẹ̀ ti bo ọ̀nà, òjò sì tún ń ṣú. Àáfà ní a kò gbọ́dọ̀ dá òkú dúró. Bàbá rẹ wá ní ká sin ín sórí ilẹ̀ wa, ní igun tó jìnnà jù lọ sí ibi tó ya, lókè díẹ̀, níbi tí igi káṣù méjì ṣì dúró sí. Ibẹ̀ le, koríko rẹ̀ kò yẹ̀. Gbogbo wa gbà pé ibẹ̀ kò ní ewu. A wẹ̀ ẹ́, a kírun sí i lára, a sin ín síbẹ̀.

Àṣàbí, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí, torí pé ohun tí mo ti sọ títí di báyìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ilẹ̀ lè ya kó pa èèyàn. Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A rò pé òkè náà ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. A rò pé ó ti parí.

Kó tó ya, koríko àti gbòǹgbò ló bo òkè náà bí awọ ṣe bo ara. Ilẹ̀ tó ya ti bó awọ náà. Èyí tó kù lókè di yẹ̀pẹ̀ lásán, èyí tó wó wá sílẹ̀ sì di òkìtì tó rọ̀, tí kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìsìnkú, mo wò ó láti ìloro Ìyá Ìjẹ̀bú. Omi tí mo máa ń fi fọṣọ tẹ́lẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní pupa, ó nípọn bí ọ̀gì. Ó gba àárín òkìtì náà kọjá, ó fa ìlà kan sílẹ̀. Ìlà kékeré ni, ọmọdé lè fò ó. Òjò tó tẹ̀ lé e bá ìlà náà nílẹ̀, ó gba ibẹ̀, ó sì mú un jìn sí i. Kò sí koríko tó máa dá omi náà dúró díẹ̀, kò sí ewé tó máa gbà á sára. Kí ọdún tó yí po, ìlà náà ti di kòtò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá wọ inú kòtò náà, a kì í rí orí rẹ̀ mọ́.

Yẹ̀pẹ̀ tó ń wọ́ lọ yẹn ní ibi tó ń lọ. Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló ń kó sí. Àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá iyanrìn pupa lórí gbogbo ebè wọn. Odò náà kún fún yẹ̀pẹ̀ débi pé kò jìn mọ́, òjò díẹ̀ báyìí, á ti kún àkúnya wọ ilé àwọn tó ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n jìnnà sí òkè, tí wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀nà òkè rí. Kànga mẹ́ta tó wà ládùúgbò dí. Ìyá Ìjẹ̀bú kó ọjà rẹ̀, ó padà sí ìlú wọn. Ó dágbére fún mi pẹ̀lú ọṣẹ kan lọ́wọ́, kò mọ ohun tó tún lè fún mi.

A ti gba yàrá kan ní Ṣàngó nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá rẹ ń lọ sí òkè. Mo rò pé sàárè ló ń lọ wò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbin nǹkan. Ó gbin ọparun sí etí kòtò. Ó gbin koríko eéran. Ó kó yẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó tò wọ́n sínú ibi tí omi ń gbà. Ibi tí kòtò náà kò tíì jìn, koríko náà mú, ó dá omi dúró, mo fi ojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ibi tó ti jìn, ẹsẹ̀ ògiri kòtò náà ni omi ń jẹ, òkè rẹ̀ á sì tún ya lulẹ̀. Èyí tó ya náà á di yẹ̀pẹ̀ rírọ̀, omi á kó o lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún ṣófo, òmíràn á tún ya. Bí kòtò náà ṣe ń fẹ̀ nìyẹn, tó ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, sí apá ibi tí igi káṣù méjì yẹn wà.

Bàbá rẹ kò sọ fún mi. Ó kàn ń padà dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á wẹ̀, á jẹun, á sùn. Èmi náà kò sọ fún un pé mo ti ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé Kúdírátù ló jókòó síbẹ̀. Ó tó ọdún mélòó kan tí a wà bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti kúrò lórí pípè mí ní Ìyá Kúdí, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Bàsírà. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe fún mi. Bàbá rẹ nìkan ni kò yí i padà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tó ti jẹun tán, ó ní, "Ìyá Kúdí, kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Mo lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan, mo sì rí i. Ọ̀kan nínú igi káṣù méjèèjì ti wà nínú kòtò, gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè. Èkejì ṣì dúró, ṣùgbọ́n ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ti so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Sàárè ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí òjò méjì tàbí mẹ́ta tó lágbára bá tún rọ̀, omi máa gbé e lọ.

A lọ bá Àáfà tó kírun sí i lára. Ara rẹ̀ kò gbà á lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní ẹni tí a bá ti tẹ́ sílẹ̀, ká jẹ́ kó sinmi. Bàbá rẹ kò bá a jiyàn. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun débẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Àáfà tẹ̀ lé e, ó dúró létí kòtò náà, ó sì ní ó tọ́ ká gbé e kúrò, torí pé kò yẹ ká fi í sílẹ̀ fún omi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ, kò sí òjò. Àáfà wá, àwọn ọkùnrin díẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n má wá, mo ní mo ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ wọ inú sàárè náà, bàbá rẹ ní òun ló máa wọ̀ ọ́. Ó wọ inú rẹ̀. Wọ́n na aṣọ funfun tuntun sí i, ó fi wé e fúnra rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà fẹ́ bá a gbé e, kò gbà. Ó gbé e sọ́wọ́ méjèèjì, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà, ó ń wo ibi tó ń fi ẹsẹ̀ lé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Ó ní, "Ìyá Kúdí, ó ti fúyẹ́ jù."

Mo di etí aṣọ náà mú, a jọ rìn dé ibi tí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú ní Ọ̀tà wà.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, igun ilẹ̀ wa yẹn ti lọ. Tí o bá débẹ̀ lónìí, tí o bá ní kí n fi ibi tí a kọ́kọ́ sin ín sí hàn ọ́, afẹ́fẹ́ ni màá na ìka sí.

Nítorí náà, ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má béèrè nípa òkè yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń gbé nítòsí. Ẹ béèrè pé nígbà wo ni ibi tó pupa yẹn ya, ṣé ó sì ń fẹ̀ sí i. Ẹ lọ wo odò tó wà nísàlẹ̀. Tí omi rẹ̀ bá ń pupa tí òjò bá rọ̀, òkè yẹn ṣì ń bọ̀ wá sílẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́ ariwo rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ya lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni òjò á máa rí yẹ̀pẹ̀ kó níbẹ̀. Ẹ má kọ́lé sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwa gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ má sì kọ́ ọ sí etí odò níbi tí yẹ̀pẹ̀ náà ń kó sí.

Tí ẹ bá rí ilẹ̀ mìíràn tó dà díẹ̀, tó sì dára, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà gé ẹsẹ̀ òkè náà torí pé ẹ fẹ́ àgbàlá tó tẹ́. Mo mọ̀ pé ìwọ fẹ́ràn àgbàlá gbígbòòrò, Bàsírà. Fara mọ́ kékeré. Ẹ fi àwọn igi sílẹ̀, ẹ fi koríko sílẹ̀, kódà tí àwọn aládùúgbò bá ní ilé yín dà bí inú ìgbẹ́. Omi tó bá ń dà láti orí páànù, ẹ ṣe gọ́tà fún un, kí ẹ mọ ibi tó ń lọ.

Tí ilẹ̀kùn bá ń há, tí ilẹ̀ bá là, tí igi tó dúró ṣánṣán bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ẹ má wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jáde. Ẹ má dúró mú aṣọ. Ẹ má dúró parí ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Tí oòrùn bá sì yọ lẹ́yìn òjò púpọ̀, ẹ má tíì padà wọlé.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún ìwọ àti ọkọ rẹ, tí kò kan ilẹ̀. Mi ò gbàdúà kí ìbànújẹ́ dé bá yín. Ṣùgbọ́n tó bá dé, ẹ má ṣe bíi tiwa. Bàbá rẹ wà lórí òkè, èmi wà ní ọjà, a jọ ń sùn nínú yàrá kan, olúkúlùkù ń dá sunkún tirẹ̀. Ó mú wa gbó ṣáájú ọjọ́ orí wa. Ẹ jókòó pọ̀. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀, ẹ jókòó pọ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Tí ẹ bá sì ti san nǹkan lórí ilẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo bẹ̀ yín.

Mo ti ka ìwé yìí sí bàbá rẹ létí. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, kò dìde. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, torí pé ìgbà òjò ló yẹ kí èèyàn wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀nà jìn, ó ní òun mọ̀. Àṣàbí, kò gun òkè kankan mọ́ láti àárọ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀kalẹ̀. Tó bá dé, mú un lọ síbẹ̀, jẹ́ kó rọra rìn. Tó bá dúró láàárín ọ̀nà tí kò sọ̀rọ̀, má bi í ní ohun tó ń wò. Dúró tì í. Fún un lọ́wọ́ rẹ, kó dì í mú, kó lè mọ̀ bí o ṣe wúwo tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàfúrátù